Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí àṣẹ ìwé Fágúnwà wà níkàáwọ́ yín: ẹ jẹ́ kí àwa òǹkàwé wọ inú igbó náà

Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí Olóògbé Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, àti ẹ̀yin atẹ̀wé tí ẹ ń tẹ ìwé wọn jáde,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Ẹ kú ìtọ́jú ohun tí Bàbá fi sílẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín, n ó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó rojọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ẹ sọ fún òǹkàwé pé ó láṣẹ láti kọ ìtàn tirẹ̀, láti ya àwòrán tirẹ̀, láti ṣe eré tirẹ̀ nínú igbó tí Bàbá Fágúnwà dá, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti fi tajà. Ẹ sọ ibi tí ààlà wà, kí ó yé ọmọdé, kí ó yé àgbà. Nígbà tí ẹ bá tún máa tẹ ìwé náà, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yín síwájú ìwé níbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti rí i.

A jẹ́ àwọn kan ní Ìbàdàn tí a máa ń péjọ ka ìwé Bàbá, pàápàá Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, sókè ní ọ̀sán Sátidé. Olùkọ́ wà nínú wa, aránṣọ wà, ọmọ yunifásítì wà, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì wà. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló mọ ìwé náà sórí ju gbogbo wa lọ. Ẹnì kan kì í dá a kà. Tí ó bá kan ọ̀rọ̀ Kàkó, ọdẹ alágbára inú ìwé náà, ẹni tí ohùn rẹ̀ le ní ń gbà á. Tí ó bá kan Ọlọ́hùn-iyọ̀, ọdẹ olórin, obìnrin aránṣọ wa ni, orin ló sì fi máa ń wọlé, orin tí kò sí nínú ìwé, tí òun fúnra rẹ̀ dá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìwé kékeré kan wà lápò rẹ̀ tó ti ya Àgbákò, iwin burúkú inú ìwé náà, kún, ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká, kò sí ìkan tó jọ ìkejì. Nígbà tí ó kọ́kọ́ fi hàn wá, ilé dákẹ́. Awakọ̀ wa àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, “Òun gan-an nìyẹn.”

Ìtàn ni àwọn mìíràn ń kọ. Ẹnì kan kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọdẹ kan tó gbọ́ ìró ìrìnàjò Òkè Láńgbòdó, tí ọba rán àwọn ọdẹ lọ láti mú àlàáfíà wá fún ìlú, ṣùgbọ́n tí àìsàn kò jẹ́ kó bá wọn lọ. Ẹnì kan kọ lẹ́tà tí Ìmọ̀dòye, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, ì bá kọ sí ìyá rẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ ní Yorùbá tó jinlẹ̀, wọ́n ń wá òwe kiri, wọ́n ń pe ìyá wọn nílé láti béèrè orúkọ ewé. Nígbà tí a bá sì ní kí wọ́n jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ sí ìwé pélébé kan, kí a pín in fún àwọn ọmọ iléèwé tó wà nítòsí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: “Ṣé kò ní di ẹjọ́?” Èmi kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́ tí mo lè nà sí wọn pé ẹ wò ó, àwọn tó ni ín ti fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ń wọ inú dúrọ́ọ̀, tí kì í jáde mọ́.

Ẹ̀yin ẹ mọ ìwé yìí jù mí lọ, nítorí náà ìrántí lásán ni èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, Bàbá yan iṣẹ́ méjì fún òǹkàwé. Wọ́n ní nígbàkigbà tí ẹ̀dá inú ìtàn bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni náà, kí ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Bí ẹlòmíràn bá sì ń dáhùn, kí ó gbà á bí ẹni pé òun tó jókòó ni wọ́n ń bá wí. Iṣẹ́ kejì ni pé kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ máa fa ọgbọ́n inú ìtàn yọ bó ṣe ń bá a lọ. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé àròsọ, ti òyìnbó àti tiwa, èmi kò rí òmíràn tí òǹkọ̀wé ti gbé òǹkàwé dìde lórí ìjókòó rẹ̀ lójú ewé àkọ́kọ́ báyìí. Ẹ tún wo bí ìtàn náà ṣe ń lọ. Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, wá sílé ẹnì kan láti sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìròyìn ti kàn, àwọn ará àdúgbò ti ń rọ́ wá, èrò ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Bàbá ti fi agbo òǹkàwé sínú ìwé ṣáájú kí ìwé tó ní òǹkàwé kan ṣoṣo.

Àwọn tó kọ́kọ́ ka ìwé náà sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn. 1938 ni Ògbójú Ọdẹ jáde. Ní 1949, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké-Oníbùdó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí àwọn òǹkàwé tí ojú wọn ti là sí ọ̀nà yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú gègé. Ní 1956, J. Ogunṣina Ògúndélé gbé ìwé méjì jáde, Ibú Olókun àti Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú Ọ̀run. Ẹ gbọ́ orúkọ wọn ná. Fágúnwà wọ inú igbó. Òǹkàwé rẹ̀ wọ inú ibú, ó sì tún mú ọ̀nà ọ̀run pọ̀n. Kò ṣe àdàkọ. Ó gba ọ̀nà ìrìn náà lẹ́nu ọ̀gá, ó wá gbé ẹsẹ̀ sí ibi tí ọ̀gá kò dé. D. J. Fátànmí náà dá igbó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún wọn nígbà náà pé igbó àti iwin àti ọdẹ ti di ti ẹnì kan ṣoṣo, ìwé Yorùbá ì bá tálákà ju bó ti rí yìí lọ.

Ní ti eré orí ìtàgé, Wálé Ògúnyẹmí mú ìrìnàjò àwọn ọdẹ, ó sọ ọ́ di Láńgbòdó, òun sì ni eré tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ níbi FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú lágbàáyé, ní Èkó ní 1977, tí Dàpọ̀ Adélùgbà darí rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1968, Wọlé Ṣóyínká ti túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bruce Onobrakpeya sì ya àwòrán sí i. Ní 2010 Ṣóyínká tún padà wá túmọ̀ Igbó Olódùmarè. Ó lé ní 40 ọdún tó wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì! Ẹni tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, tí kò ní ohun tí yóò fi han ẹnikẹ́ni mọ́, ló tún jókòó ti ìwé tó kà ní kékeré. Kí ni à ń pe ẹni bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe òǹkàwé tí ìfẹ́ ìwé kò jẹ́ kó sinmi? Àwọn wọ̀nyí ní orúkọ, wọ́n sì ní agbára láti wá bá yín tàbí àwọn tó ṣáájú yín, kí wọ́n tọrọ àṣẹ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ wa kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Kò mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn.

Mo fẹ́ sọ nípa ìlú àwọn ẹlòmíràn díẹ̀, nítorí pé ohun tí mò ń tọrọ yìí kì í ṣe ohun tí ojú kò rí rí.

Ní 1937, ọdún kan ṣáájú Ògbójú Ọdẹ, J. R. R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ nípa ayé àròsọ rẹ̀ jáde. Apá àkọ́kọ́ ìwé ńlá rẹ̀, The Lord of the Rings, jáde ní 1954, ọdún kan náà tí Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje jáde níbí. Èmi a máa ronú lórí ọdún wọ̀nyẹn. Ọkùnrin méjì, òkun wà láàárín wọn, ọ̀kan ń kọ ní Oxford, èkejì ń kọ ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń dá igbó àti ẹ̀dá abàmì ní ìgbà kan náà.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn òǹkàwé Tolkien ṣe. Ní 1967, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní California, Glen GoodKnight, dá ẹgbẹ́ Mythopoeic Society sílẹ̀. Ní 1969, Vera Chapman dá Tolkien Society sílẹ̀ ní Britain. Láti 1974 ni ẹgbẹ́ yẹn ti ń pàdé ní Oxford lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kìíní, ọjọ́ ìbí òǹkọ̀wé, ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, àwọn òǹkàwé káàkiri ayé máa ń dìde dúró níbi tí wọ́n bá wà, wọ́n á gbé ife sókè fún un. Àwọn kan ti mú èdè tí ó dá fún àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, wọ́n tú gírámà rẹ̀ wò, wọ́n ṣe ìwé atúmọ̀ fún un. Láti 1971 ni ìwé àtìgbàdégbà kan ti wà tí àwọn èdè wọ̀nyí jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀. Èdè tí ẹnikẹ́ni kò fi bí ọmọ rí! Àwa tí èdè tiwa jẹ́ èdè gidi, tí ìyá ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún, tí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ wa ní ìgboro kò lè ka ojú ewé kan nínú rẹ̀ láìkọsẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa.

Mo mọ̀ pé ayédèrú ìwé ni ìbẹ̀rù yín tó ga jù, ìbẹ̀rù náà sì tọ́. Ìwé tí ẹ fi owó àti ọdún tọ́jú, ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́ ní òru, á tà á ní ẹ̀gbẹ́ títì ní ìdajì owó, àmì ohùn á sì ti dàrú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1965. Ilé ìtẹ̀wé kan níbẹ̀, Ace Books, tẹ ìwé Tolkien láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà wà nínú òfin ilẹ̀ wọn. Tolkien kò fi agbẹjọ́rò ṣe é. Ṣe ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún lẹ́tà tó ń fi dá àwọn òǹkàwé rẹ̀ lóhùn ní Amẹ́ríkà pé òun kò fọwọ́ sí èyí. Àwọn òǹkàwé gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ní 1966, Ace san owó ẹ̀tọ́ fún òǹkọ̀wé, wọ́n sì gbà pé àwọn kò ní tún un tẹ̀ mọ́. Agbo òǹkàwé ló ṣe ohun tí òfin kò rí ṣe. Ẹni tó fẹ́ràn ìwé dé ibi tó fi ń kọ ìtàn kún un kì í ra ayédèrú rẹ̀. Òun ni yóò kọ́kọ́ pè yín lórí fóònù pé òun rí i ní ọjà Dùgbẹ̀.

Anne McCaffrey, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó lọ ń gbé ní Ireland ní 1970, kọ ọ̀pọ̀ ìwé nípa àwọn dírágónì, ẹranko abàmì tó ń fò tó sì ń yọ iná lẹ́nu, àti àwọn tó ń gùn wọ́n. Àwọn òǹkàwé rẹ̀ fẹ́ láti gun dírágónì náà. Òun kò lé wọn, kò sì tú ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ó fi òfin lélẹ̀: kí wọ́n má fọwọ́ kan àwọn ẹ̀dá ìtàn tòun, kí wọ́n dá ibùdó tiwọn, kí wọ́n dá ènìyàn tiwọn, kí wọ́n sọ dírágónì tiwọn lórúkọ, kí wọ́n má pa owó lórí rẹ̀. Láàárín ààlà yẹn ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi, wọ́n ń kọ ìtàn, wọ́n ń tẹ ìwé kékeré fún ara wọn, ìran kan ń fà á lé ìran mìíràn lọ́wọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ó ń dẹ àwọn òfin náà. Anne Rice, ẹni tó ń kọ nípa àwọn òkú amùjẹ̀, mú ọ̀nà mìíràn: ní 2000 ó sọ pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀dá ìtàn òun kọ nǹkan, ibi tí àwọn òǹkàwé kó ìtàn wọn sí lórí ayélujára sì mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo àwọn tó jí lọ́jọ́ kejì tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti pòórá.

Irú ìpòórá bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn òǹkàwé kan, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, kó ara wọn jọ ní 2007 láti kọ́ ilé ìpamọ́ ìtàn tiwọn lórí ayélujára. Wọn kò rí olówó kankan. Àwọn kan nínú wọn kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nítorí rẹ̀. Ní 2009 wọ́n ṣí Archive of Our Own, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àti owó ìdáwó ló gbé e ró títí di òní, ìtàn tó wà níbẹ̀ sì ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ní 2019 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Hugo, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀bùn tó ga jù fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Èmi kò sọ pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni mo fara mọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé òǹkàwé lè kọ́ ilé, kí ó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó ń lé e kiri.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé, kí n sọ ìtàn kan nínú àwọn tó wà nínú dúrọ́ọ̀, nítorí òun gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Kàkó fẹ́ bá àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kó fi òun sílẹ̀. Kàkó pa á. Ìtàn sì ń bá ìrìnàjò lọ, nítorí pé ìrìnàjò ni ìtàn náà. Ọ̀dọ́bìnrin kan nínú wa, tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kò lè bá ìrìnàjò lọ. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ka ibẹ̀, ó máa ń dúró lẹ́yìn pẹ̀lú obìnrin tó wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó mú ìwé wá, ó ní òun ti kọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí obìnrin náà àti Kàkó ti pàdé. Ó fún un ní orúkọ. Ó fún un ní oríkì, ó sì mú kó ki ara rẹ̀ bí àwọn ọdẹ ṣe ń ki ara wọn nínú ìwé, gbólóhùn lórí gbólóhùn, pẹ̀lú irú ìwọ́rọ̀wọ́rọ̀ tó jẹ́ pé Fágúnwà nìkan la mọ̀ mọ́ ọn. Obìnrin náà kò bẹ̀bẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Ó rojọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ Kàkó pé àlàáfíà ìlú wo ni wọ́n fẹ́ lọ mú wá láti Láńgbòdó, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ará ilé sílẹ̀ ní ojúde kí wọ́n tó gbéra.

Nígbà tó kà á tán, awakọ̀ wa àgbà bọ́ fìlà. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń ka ìwé yẹn, ibẹ̀ yẹn sì máa ń ká òun lára, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ pé ó ní ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i. Ìjíròrò ọjọ́ náà kò tán títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kan gbèjà Kàkó gidigidi. Àwọn kan ní ìgbà náà kọ́ nìgbà yìí. Obìnrin aránṣọ ní kò sí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kì í pupa. Ṣé ẹ rí i, iṣẹ́ méjèèjì tí Bàbá yàn fún òǹkàwé ni ọmọbìnrin yẹn ṣe láàárín ojú ewé mẹ́jọ: ó fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tó wà nínú ìtàn, ó sì fa ọgbọ́n yọ. Kò bu òǹkọ̀wé kù. Kò sí ẹni tó lè kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bí kò bá fẹ́ràn ìwé náà débi tí yóò fi bá a jà.

Ìtàn yẹn kò tíì kúrò ní yàrá wa. Ọmọbìnrin náà ń bẹ̀rù.

Ní ti òfin, ẹ̀yin ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn yóò ka lẹ́tà yìí. Bàbá kú ní oṣù Kejìlá 1963. Òfin Ẹ̀tọ́ Òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ lórí ìwé wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ìyẹn ni pé títí di ìparí 2033, ọwọ́ yín ni àṣẹ wà. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún ìlò ìdákọ́ńkọ́, fún àwàdà àti ẹ̀fẹ̀, fún àríwísí, ṣùgbọ́n kò sọ ní kedere fún ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì bóyá Àgbákò tirẹ̀ wọ inú àyè náà tàbí kò wọ̀ ọ́. Agbẹjọ́rò méjì lè bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa iyàn náà. Lẹ́yìn 2033, kò sí ẹni tí yóò nílò àṣẹ yín mọ́, ẹni tó fẹ́ kọ dáadáa àti ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́ yóò jọ wọlé. Bí ẹ bá ṣe é nísinsìnyí, ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́ wa bí a ṣe ń wọlé. Àṣà tí ẹ bá fi lélẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀ tó kù yìí ni yóò máa darí àwọn tó ń bọ̀, nígbà tí òfin kò bá sí níbẹ̀ mọ́.

Ààlà tí mo rò pé ó tọ́ kò pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ta á. Kí a máa kọ orúkọ Fágúnwà àti orúkọ ìwé tí ìtàn ti wá sí òkè, kí ó hàn gbangba pé òǹkàwé ló kọ èyí. Kí a má ṣe da gbólóhùn Bàbá kọ lọ bẹẹrẹ. Bí ìyá àti bàbá bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á kọ ìsọkúsọ sí i, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé tí ọmọdé ń kà níléèwé ni, kí ohun tí a bá fún ọmọdé yẹ ọmọdé. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe bíi ti McCaffrey, kí ẹ ní kí a fi Àkàrà-Ògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí a dá ọdẹ tiwa, a ó gbà. Igbó náà tóbi tó. Ọdẹ méje ló lọ Láńgbòdó. Àwa yóò wá ẹni kẹjọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè èrò ọkàn mi, n ó bẹ̀ yín kí ẹ má yọ ìyàwó Kàkó kúrò lára ohun tí a lè fọwọ́ kàn.

Ohun tí ẹ óò rí gbà padà, mo lè ṣèlérí díẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ọmọ tó kọ ìtàn Irúnmalẹ̀ láìka ìwé náà lákàtúnkà. Ẹ̀dà tí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì wa ní ti ya, ó ti rà òmíràn, ó sì ti ra ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀. Àwọn tó ń kọ ti ń béèrè bí a ṣe ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí igbá di ìgbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2013, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé péjọ sí Àkúrẹ́ láti ṣèrántí 50 ọdún tí Bàbá ti lọ, ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ odidi ìwé lórí àwọn ìwé yìí láti 1974. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé kì í tó láti gbé ìwé ró. Ìwé ń fẹ́ ẹni tí yóò jà lórí Kàkó ní ọ̀sán Sátidé, tí kì í ṣe nítorí oyè.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí a ti ṣe kí ẹ tó pinnu, a ó kó gbogbo rẹ̀ wá bá yín níbikíbi tí ẹ bá ní kí a wá: ìwé àwòrán ọmọ náà, àwọn orin aránṣọ, lẹ́tà Ìmọ̀dòye, ojú ewé mẹ́jọ tó jẹ́ ti ìyàwó Kàkó. Ẹ kà á, ẹ fi gègé pupa fa ìlà sí ibi tí kò bá dára lójú yín. Ọ̀dọ́bìnrin náà ti gbà láti wá kà á fún yín fúnra rẹ̀, awakọ̀ wa àgbà sì ti ní òun ni yóò gba ohùn Kàkó.

À ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
òǹkàwé kan, ní Ìbàdàn